Ẹni Tó Jẹ́wọ́ Àṣìṣe, Ẹ Jẹ́ Ká Yé Lù Ú

   

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí lè má dùn létí àwọn kan nínú wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kẹ́ ẹ tó bínú. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa ní ọsibítù, àti ìpinnu tí a ṣe nínú ìpàdé wa tó kọjá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò sí ní ìpàdé, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Onígaàrí kan wà ní ìlà wa tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì. Ibà ló gbé e ṣánlẹ̀, wọ́n sì dá a dúró ní ọsibítù kan tí mi ò ní dárúkọ. Ìyá kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì sí tiẹ̀ tó ní àtọ̀gbẹ, èyí tí a tún ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Ìyá yẹn náà bí ìbejì. Ìyá Ìbejì méjì ló wá wà nínú wọ́ọ̀dù kan náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì kan, ọmọdébìnrin, gbé abẹ́rẹ́ wọlé. Ó ní, "Ìyá Ìbejì dà?" Ìyá tiwa ní, "Èmi rèé, mà." Ó nawọ́, wọ́n gún un. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ni. Ti ẹnìkejì ni.

Kò pẹ́ rárá, òógùn bò ó bí ẹni tó jábọ́ sódò. Ọwọ́ ń gbọ̀n, ojú ń yí, ó ń sọ ìsọkúsọ. Ọmọ rẹ̀ tó jókòó tì í rò pé ibà ló gun orí. Àfi ìgbà tí nọ́ọ̀sì yẹn dé bẹ́ẹ̀dì kejì tó wo káàdì, ló bá káwọ́ lérí. Ó kígbe pé, "Ẹ gbà mí o! Mo ti gún ẹni tí kì í ṣe òun!" Òun fúnra rẹ̀ ló sáré lọ pe dókítà, òun ló sọ ohun tó ṣe lójú gbogbo ayé. Wọ́n fa omi ṣúgà sí ìyá wa lára. Kó tó di ọ̀sán, ó ti dìde jókòó, ó ń béèrè ẹ̀kọ. Ẹ lọ wò ó ní ìsọ̀ rẹ̀ lónìí, ó ń ta gaàrí.

Kí ni ọsibítù ṣe? Wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì náà lọ jókòó sílé ná. Kí ni àwa náà ṣe? Ìpàdé gbóná lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní ká ti ọjà, ká jáwé lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí wọ́n fà á lé wa lọ́wọ́ kí á na ojú rẹ̀ là. Níkẹyìn a fẹnu kò pé kí akọ̀wé kọ̀wé pé kí wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ pátápátá. Mo wà níbẹ̀. Mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló ń dùn mí títí dòní, òun ló jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé náà ò tíì kúrò lọ́wọ́ akọ̀wé. Ààyè ṣì wà láti tún un kọ.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ká ní ọmọ yẹn pa ẹnu mọ́ ńkọ́? Ta ni ì bá mọ̀? Dókítà ì bá máa tọ́jú ibà, ṣúgà ara ìyá wa ì bá máa lọ sílẹ̀, títí yóò fi kọjá àtúnṣe. À bá gbé e sin, à bá ní ibà ló pa á. Ẹ sì mọ̀ wá, àwọn kan nínú wa ì bá ti máa nàka sí orogún tàbí àwọn ayé. Ohun tó gba ìyá yìí là ni pé ọmọ náà là á mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹnu tó fi jẹ́wọ́ yẹn gan-an la fẹ́ fi ìyà jẹ.

Tí a bá lé e, kí ni nọ́ọ̀sì tó kù nínú wọ́ọ̀dù yẹn máa kọ́? Wọ́n á kọ́ pé ẹni tó bá sọ òótọ́ ló ń pàdánù iṣẹ́, ẹni tó bá bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń gba owó oṣù. Lọ́jọ́ mìíràn tí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á pa káàdì dé. Ẹ má gbàgbé pé àwa náà la máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn.

Ìyà ló kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ìwé. Mo ní ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ títà lọ́dọ̀ mi nígbà kan. Lọ́jọ́ kan ó ṣi ṣéńjì fún oníbàárà, ó fún un lówó lé. Ó wá bá mi fúnra rẹ̀, ó sọ fún mi. Mo fọ́ ọ létí lójú àwọn èèyàn. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yẹn ò sọ̀rọ̀ ṣéńjì fún mi mọ́. Mo rò pé ó ti gbọ́n ni! Àfi ìgbà tí ọdún parí tí mo ṣírò ọjà, owó ò pé, n ò sì mọ ibi tí ihò wà. Kì í ṣe pé ó yéé ṣi owó kà. Ó kàn yéé sọ fún mi ni. Ìgbátí ẹyọ kan ni mo fi ra àdánù ọdún kan gbáko. Mélòó nínú wa nirú rẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ sí?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa nìkan nìyí. Ní Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé ń sáré lọ, àwọn ọ̀mọ̀wé ìlera wọn gbé ìwé kan jáde lọ́dún 1999. Wọ́n ní ó kéré tán èèyàn 44,000, ó sì ṣeé ṣe kó tó 98,000, ló ń kú lọ́dọọdún nínú ọsibítù wọn nítorí àṣìṣe tí à bá lè dènà. Ohun tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣe èèyàn burúkú ló ń ṣe ọ̀pọ̀ àṣìṣe náà. Èèyàn rere ni wọ́n, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ ló ní ihò: oògùn méjì tí ìgò wọn jọra, ìwé tí a ò lè kà, orúkọ méjì tó jọra, ẹni tó ti rẹ̀. Àjọ WHO, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ìlera gbogbo àgbáyé, náà sọ pé bí ẹnì kan nínú èèyàn 10 tó ń gba ìtọ́jú ni ìtọ́jú fúnra rẹ̀ ń pa lára, àti pé àwọn tí ìtọ́jú aláìláàbò ń pa lọ́dún ju mílíọ̀nù 3 lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ya ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án sọ́tọ̀ láti ọdún 2019 fún ọ̀rọ̀ ààbò aláìsàn.

Ìtìjú àti ìbẹ̀rù kì í ṣe ọ̀tá kékeré nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Lọ́dún 1847, ní ìlú Vienna nílẹ̀ Ọ́síríà, dókítà kan wà tó ń jẹ́ Ignaz Semmelweis. Wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí méjì ni ọsibítù wọn ní. Àwọn agbẹ̀bí ló ń tọ́jú ọ̀kan, àwọn dókítà àti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn ló ń tọ́jú èkejì. Ibà àbíkú ìyá ń pa àwọn abiyamọ ní wọ́ọ̀dù àwọn dókítà ju ti àwọn agbẹ̀bí lọ fíìfíì, débi pé àwọn aboyún ń sunkún pé kí wọ́n má gbé àwọn lọ síbẹ̀. Semmelweis rí i pé àwọn dókítà yìí máa ń ti ibi tí wọ́n ti ń la òkú wá gbẹ̀bí, láìwẹ ọwọ́ dáadáa. Ó ní kí wọ́n máa fi omi oògùn apakòkòrò fọ ọwọ́. Ikú tó ń pa bíi 10 nínú ìyá 100 já wálẹ̀ sí bíi 2. Ṣé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Rárá o! Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá dókítà ló bínú. Wọ́n ní ṣé ọwọ́ àwọn ló ń pa èèyàn ni? Ó pẹ́ gan-an kí ayé tó gbà fún un, òun fúnra rẹ̀ sì ti kú lọ́dún 1865. Ẹ wo iye ìyá tí ìtìjú pa láàárín ìgbà yẹn.

Kí wá ni ọ̀nà àbáyọ? Òun náà ò ju ohun tí àwa ń ṣe lójoojúmọ́ lọ. Tí ọkọ̀ ẹrù bá dé, ṣé ẹnu dírẹ́bà la fi ń mọ iye àpò? A máa ń kà á lójú rẹ̀ ni, a ó sì fi wé ìwé. Tí a bá fẹ́ pín owó àjọ, ẹni méjì ló ń kà á, bí ẹni tó kó o ò tilẹ̀ jalè rí. Kì í ṣe pé a ò fọkàn tán ara wa. A mọ̀ pé ojú ń ṣì, ọwọ́ ń ṣì ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àjọ WHO ṣe fún iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ṣe ìwé pélébé kan tó ní ohun 19 tí wọ́n gbọ́dọ̀ kà sókè. Kí wọ́n tó fún aláìsàn ní oògùn oorun: ta ni ẹni yìí, kí la fẹ́ ṣe fún un, apá ibo ni, oògùn wo ni ara rẹ̀ kọ̀? Kí wọ́n tó fi abẹ kan ara: kí oníkálukú dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ tó wá ṣe. Kí aláìsàn tó kúrò níbẹ̀: ṣé àwọn irinṣẹ́ pé, ṣé aṣọ tí a fi ń nu ẹ̀jẹ̀ pé, àbí ọ̀kan ti kù síkùn? Wọ́n dán an wò ní ọsibítù 8 ní ìlú 8, láti London àti Seattle títí dé Ifakara ní Tanzania, níbi tí owó ò pọ̀. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2009. Tẹ́lẹ̀, nínú èèyàn 1,000 tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún, bíi 15 ló ń kú. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà, ó di bíi 8. Bébà lásán ni o, àti ẹnu tí kò bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀. Nítorí tí nọ́ọ̀sì kékeré bá ń bẹ̀rù láti sọ fún ọ̀gá dókítà pé "Ẹ dúró ná, sà, aṣọ kan ò pé," ìwé ò wúlò.

Mo gbọ́ ẹni tó ń sọ pé, "Ṣé kí wọ́n wá máa pa wá láìjìyà ni?" Rárá, n ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ṣìṣe, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Ẹni tó mutí wá síbi iṣẹ́, kó jìyà. Ẹni tó rí i tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára èèyàn tó ní àfi tó bá rówó ná, kó jìyà. Ẹni tó yí káàdì aláìsàn padà láti bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, ìyà tirẹ̀ ló yẹ kó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣìṣe, tó sì jẹ́wọ́ kíákíá kí ẹ̀mí má bàa lọ, ẹ jẹ́ ká bi í pé kí ló fà á, ká wá dí ihò náà.

Kí ló tiẹ̀ fà á lọ́jọ́ yẹn? Mo lọ bi wọ́n. Mátírọ́nì wọn sọ fún mi pé ọmọ yẹn nìkan ló ṣiṣẹ́ òru mọ́jú, aláìsàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ju ogún lọ. Àwọn tó yẹ kó bá a ṣe é ti jápa lọ sí ìlú òyìnbó. Ẹnikẹ́ni ò sì so orúkọ mọ́ ọwọ́ aláìsàn. Tí wọ́n bá lé ọmọ yìí lónìí tí wọ́n gbé ẹlòmíràn síbẹ̀, ṣebí Ìyá Ìbejì méjì ṣì lè pàdé ní wọ́ọ̀dù náà?

Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé àwọn tó ń kú nítorí wa. Lọ́dún 2014 tí Ebola wọ Èkó, Dókítà Stella Ameyo Adadevoh ló tún àìsàn ọkùnrin tó gbé e wá wò, tó fura pé kì í ṣe ibà lásán, tí kò sì jẹ́ kó jáde nílé ìwòsàn bí wọ́n ṣe fínná mọ́ ọn tó. Àìsàn náà ló pa á ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn. Ọjà mélòó ni ì bá ti pa ká ní ó gbojú kúrò?

Àwa náà ní tiwa láti ṣe. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 wà lẹ́yìn wa. Abala 23 sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé àìsàn wa fún wa, irú ìtọ́jú tó wà, ewu rẹ̀ àti iye owó rẹ̀, àti pé níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kó jẹ́ ní èdè tí a gbọ́. Abala 20 ní wọn ò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì, ló wà fún un. Abala 30 fún wa láṣẹ láti mú ẹjọ́ wá kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ní kí ọsibítù lẹ ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é síbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé máa rí i. Mélòó nínú wa ló ti rí i rí?

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá dé ọsibítù, ẹ fi Ìyá Ìbejì àti Ìyá Sikírù sílẹ̀ lọ́jà. Orúkọ yín gan-an àti orúkọ bàbá yín ni kẹ́ ẹ sọ. Tí wọ́n bá gbé abẹ́rẹ́ dé, ẹ má kàn dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" nítorí ọ̀wọ̀. Ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, kí lorúkọ tó wà lórí káàdì yẹn? Abẹ́rẹ́ kí ni?" Kì í ṣe àfojúdi. Ẹ mú páálí oògùn tẹ́ ẹ ń lò dání. Tẹ́ ẹ bá ti mu àgbo, ẹ sọ, ẹ má fi pamọ́. Oògùn tí ara yín bá kọ̀, ẹ tètè wí. Kẹ́ ẹ sì mú ọmọ kan tó mọ̀wé dání.

Àbá mi nìyí fún ìpàdé tó ń bọ̀. Kí akọ̀wé fa ìwé àkọ́kọ́ yẹn ya. Kí a kọ òmíràn, kí a sì rán ìyálọ́jà àti ìyá onígaàrí fúnra rẹ̀ láti mú un lọ. Èkíní, kí wọ́n so orúkọ mọ́ ọwọ́ gbogbo aláìsàn, kí wọ́n sì máa ní kí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ kí wọ́n tó gún un. Èkejì, kí nọ́ọ̀sì kan má máa dá òru ṣe. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n lẹ ọ̀nà tí a ó gbà mú ẹjọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà, ní Yorùbá. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n pe ọmọ yẹn padà sẹ́nu iṣẹ́, kí òun gan-an máa kọ́ àwọn tuntun bí wọ́n ṣe ń wo káàdì. Ta ló lè mọ̀ ọ́n kọ́ ni jù ú lọ?

Mo lọ bi ìyá onígaàrí kí n tó kọ èyí, torí òun ló ni ara. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ yẹn wá kí mi nílé, ó sunkún títí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á láyé jẹ́. Ẹ̀mí tó gbà là, tèmi ni."

Ẹ̀yin ìyá mi, tí ẹni tí abẹ́rẹ́ gún bá lè sọ bẹ́ẹ̀, àwa tí wọn ò gún ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká pàdé ní ìpàdé. Ajé á wọgbá o, àlàáfíà ò ní jìnnà sí wa.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ ẹgbẹ́ yín, ní ìlà aláṣọ.